Bí Mo Ṣe La Ọ̀nà Dé Ìsun Ẹ̀yìn Igbó

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ń jẹun kó yára gbé òkèlè rẹ̀ mì, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kó pa á mọ́nu ná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ, ará Òkè-Àpáta. Èmi ni mo dúró lójú ẹfọ̀n tí ẹfọ̀n yà fún mi lọ́nà. Èmi ni mo bá àmọ̀tẹ́kùn pàdé létí odò, tí àwa méjèèjì mu omi tẹ́rùn, tí oníkálùkù sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun rí mi níbi tí mo ti ń sá fún ẹranko, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sá fún tó fi wà níwájú mi! Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo bẹ̀rù fún ọdún méjì gbáko, kò ní ìwo, kò ní èékánná, kò sì ní eyín nínú ẹnu. Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ńlá kan tí mo fi ẹnu ara mi gbà, tí ọwọ́ mi ò sì lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà náà, omi kan ṣoṣo ni à ń mu ní Òkè-Àpáta, adágún kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, tí omi rẹ̀ rí bí omi ẹ̀kọ tó ti kan. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, sòbìà a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ sòbìà, ẹ dúpẹ́. Aràn gígùn ni, ó funfun bí òwú. Inú omi la ti ń mu ún. Yóò wà lára ènìyàn fún ọdún kan láìsọ̀rọ̀, yóò wá lu ẹsẹ̀ tàbí orúnkún jáde lọ́jọ́ kan, a ó sì máa fi igi tín-ín-rín wé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fi ìkánjú fà á, tó bá já sínú, ẹni náà ti rí ìjàngbọ̀n. Mo ti rí ilé tí ènìyàn mẹ́fà wà, tí ẹnìkankan nínú wọn ò lè dìde lọ já ilá lóko.

Èmi ni mo rí ọ̀nà àbáyọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ta ìgalà kan níbọn, ó gbé ọta lọ, mo sì tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán, igbó tí oòrùn ọ̀sán gangan kì í dé ilẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń fà, tí mo ń rá, mo yọ sẹ́yìn igbó náà, ni mo bá bá ìsun kan lábẹ́ àpáta. Omi ń tú jáde ṣàràṣàrà, ó mọ́ bí ojú ẹyẹlé, ó tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Mo gbàgbé ìgalà. Mo sáré wálé, mo sì ròyìn rẹ̀ fún Baálẹ̀ àti gbogbo àgbà ìlú, mo ń fò sókè, mo ń fọwọ́ lu àyà.

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́jìnmí, ẹnu rẹ ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ló mọ̀ ọ́n. Igbó yẹn máa ń yí ènìyàn lójú, kò sí ẹlòmíràn tó lè mọ ibi tí yóò kọjú sí níbẹ̀. La ipa kan ṣoṣo, kó ṣáà gba ẹsẹ̀ ẹnìkan. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú yóò fẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Lọ́la ni mo ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀la dé, mo ní àdá mi ò mú tó. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń pọ́n ọn. Nígbà tó mú, mo ní òjò ti ṣú. Òjò dá, mo fi ẹsẹ̀ òsì kọ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ọjọ́ ò dára. Ọjọ́ dára, mo ní apó mi ti gbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán tuntun, mo fi oṣù mẹ́ta rán apó, ẹ̀yin ará, apó ẹyọ kan! Ìgbà tí mo rán an tán, àdá ti dógùn-ún, mo tún gbé òkúta ìpọ́nàdá. Mo pọ́n àdá yẹn títí ó fi tín-ín-rín bí ewé ìrèké. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ní àárín ọdún méjì yẹn, mo pa ẹran tó pọ̀ ju ti gbogbo ayé mi lọ. Iṣẹ́ gbogbo ni mo ń ṣe, àfi iṣẹ́ yẹn. Bí mo bá ti dúró létí igbó, tí mo wo bí àwọn igi ṣe to lọ, ìrókò lẹ́yìn àràbà, ìtàkùn lórí ìtàkùn, n ó ti àdá mi bọ inú àkọ̀ padà. N ó ní, "Níbo gan-an lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ èyí?" N ó sì yí padà lọ dẹ ọ̀yà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à-fi-orí-tì-í dópin ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró létí Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán rí.

Àwọn àgbà kan náà ló ní kí sòbìà tó degbò, Olúgàǹbe là á ké sí. Èmi ò ké sí ẹnikẹ́ni títí ó fi wọ ilé mi. Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, obìnrin tó máa ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbé lọ, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, sòbìà yọrí. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú, òógùn bò ó. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pọ́n àdá.

Ó pè mí. "Ọkọ mi."

Mo ní, "Àwẹ̀ró mi, má sọ̀rọ̀ púpọ̀, sinmi."

Ó ní, "Àdá yín ti mú o. Ó ti mú tó èyí tí wọ́n lè fi fá irun orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ṣé orí mi lẹ fẹ́ fá?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Mo ní, "Ọ̀nà yẹn ni mo ń múra rẹ̀. Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀la tí ẹ ń wí yẹn, ẹsẹ̀ wo ni n ó fi rìn dé ibẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwo ẹfọ̀n ti fà mí láṣọ ya rí. Àmọ́ kò sí ìwo tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Mo dìde. N kò jẹun, n kò wẹ̀, n kò dágbére. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo mú àdá lọ́wọ́, ó di etí igbó.

Bí mo ṣe ń súnmọ́ ọn ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kí mi, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn. "Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òógùn ojú." Mo wò, mo rí ẹ̀dá kan lábẹ́ igi ọdán. Ó ga tó ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ìjókòó ló fi ga bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí rẹ̀ nìkan tó àká mẹ́ta. Ikùn rẹ̀ ṣù lé itan, ojú rẹ̀ tútù, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ìjókòó kéékèèké tí a gbẹ́ dáadáa pọ̀ yí i ká, agbè ẹmu wà nílẹ̀, ẹran gbígbẹ ń ta sánsán. Ó ní, "Jókòó-Ná ni orúkọ mi. N kò sọ pé kí ẹ má lọ o. Ṣé ọ̀nà yóò sá ni? Igbó ọ̀hún yóò ká ara rẹ̀ bí ẹní ni? Ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹmu mú ọ̀nà ọ̀fun tutù."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ kó tó béèrè lọ́wọ́ mi. Mo jókòó, mo mu ife kan. Ẹmu náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Jókòó-Ná ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ fún mi ní òní yín, òní kan ṣoṣo tí oòrùn rẹ̀ tilẹ̀ ti ń yẹ̀. Èmi yóò fún yín ní ọ̀la méje." Ó sì gbé àpò kan kalẹ̀, àpò náà ṣù rọ̀bọ̀tọ̀.

Méje fún ẹyọ kan! Ọjà wo ló dára tó bẹ́ẹ̀? Mo ti ń na ọwọ́. Bí mo ṣe ń nà án ni mo gbọ́ ikọ́ kan lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Háà! Àwọn ọkùnrin ni wọ́n jókòó tò lọ sẹ́yìn, wọ́n tó ogún. Olú ti hù léjìká wọn. Ikán ti mọlé dé ìbàdí wọn. Oníkálùkù gbé àdá lé itan, gbogbo àdá náà sì ń kọ mànà bí ẹni pé àárọ̀ òní ni a pọ́n wọn. Èyí tó wúkọ́ súnmọ́ mi jù, gbérí, ẹ̀wù àwa ọdẹ, ló wà lọ́rùn rẹ̀ bíi tèmi.

Mo ní, "Ẹlẹ́gbẹ́ mi, kí lo ń ṣe níhìn-ín?"

Ó ní, "Mo kàn dúró díẹ̀ kí n pọ́n àdá ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó ronú. Kòkòrò kan jáde ní etí rẹ̀, ó tún wọlé padà. Ó ní, "Òní kọ́ nìyẹn?"

Irun orí mi dìde. Mo fẹ́ nàró, ìdí mi ò gbéra. Gbòǹgbò tín-ín-rín ti ta láti ara àpótí tí mo jókòó lé, ó ti gún ṣòkòtò mi já, ó sì ti ń wá ẹran ara. Jókòó-Ná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ọdẹ, àlọ́ mẹ́ta ni mo máa ń pa fún àlejò. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ wọn, gbòǹgbò mi yóò dẹ̀ fún un díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, a di ará ilé. Kí ló ń bọ̀, ó ń bọ̀, tí kì í dé?"

Mo ní, "Ọ̀la ni. Bó bá ti dé, ó ti di òní."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló lọ tí ẹkún kì í dá a padà?"

"Àná ni."

"Kí ló wá bá ènìyàn nílé, tí onílé ò kí i káàbọ̀, tí ó ń na ọrùn kọjá rẹ̀ wo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Mo rí Àwẹ̀ró lójú ọkàn mi, bó ṣe pè mí tí mo sì ń fi ọ̀la dá a lóhùn. Mo pariwo, "Òní ni! Òní ni, ìwọ ìdí àká! Ẹyọ kan ni mo ní, n kò sì tà á!"

Gbòǹgbò náà dẹ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú ojú kan. Mo gbé àdá tí mo fi ọdún méjì pọ́n, mo fà á gba ẹ̀yìn, fẹ̀rẹ̀rẹ̀! Kì í ṣe gbòǹgbò ni mo gé o, ìdí ṣòkòtò mi ni. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù yín! Ohun àkọ́kọ́ tí mo gé nínú iṣẹ́ ńlá yẹn, ṣòkòtò ara mi ni. Mo fò sókè, atẹ́gùn ń fẹ́ mi níbi tí kò yẹ kó fẹ́. Mo gbá ọwọ́ ọdẹ yẹn mú, mo ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ!" Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí ẹni tí ń wo ọmọdé. Ó ní, "Máa lọ níwájú. Lọ́la n ó bá ọ níbẹ̀." Mo fà á títí, kò dìde. Ọwọ́ Jókòó-Ná ti ń rá bọ̀ nílẹ̀ bí òjòlá. Mo fi í sílẹ̀, mo sì sá. Títí dòní, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣì ń dùn mí.

Eré tí mo sá ló gbé mi dé ojú igbó gan-an, níbi tí ọ̀nà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun kékeré kan ti dìde nínú koríko. Kò ju ọmọ ọdún kan lọ. Ó dúdú, ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí èèpo igi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Gàgàrà ni mí. Wò mí dáadáa."

Mo wò ó. Ó ga dé ìbàdí mi. Mo ní, "Kí lo jẹ́ gan-an?" Mo tún wò ó, ó ga jù mí lọ. Bí mo ṣe gbé ojú sókè láti rí orí rẹ̀, ni orí náà tún ń lọ sókè. Ó di ọ̀pẹ, ó di àràbà, ó di òkè. Apá rẹ̀ tẹ́ láti ìhín igbó dé ọ̀hún.

Ó bú ramúramù pé, "Ka igi tó wà lẹ́yìn mi! Ka ìtàkùn! Ka ejò! Ka ọjọ́ tí yóò gbà ọ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà o, èmi ọmọ ọdẹ. Mo ka igi dé ogójì, ó ga sí i. Mo ka dé ọgọ́rin, mo fa ìbọn sílẹ̀ léjìká. Mo yin ìbọn sí i láyà, gbòlà! Ọta lọ sókè lọ, kò dé àyà rẹ̀, ó já padà lé mi lórí bí èso ìyeyè tó rọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tẹ̀ mí. Òógùn ṣàn wọ ojú mi, ó ta mí gan-an, mo sì tẹ orí ba láti nu ún. Mo ń fojú tó ń ta wo ilẹ̀ nìkan. Kí ni mo rí níwájú mi? Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì. Kò sì ju kùkùté igi àtòrì kan lọ!

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀lẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n wí. N kò gbé ojú sókè mọ́. Mo gbé àdá, gbà! Àtàǹpàkò já. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló jáde, oje igi ni, nítorí igi àtòrì ló wó lulẹ̀ níwájú mi. Òkè lọ́hùn-ún, Gàgàrà ké "Yéè!" ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín díẹ̀. Mo gé ìka kejì, ìtàkùn ló já. Mo gé ìkẹta.

Ó ń pariwo pé, "Wò mí! Ọdẹ́jìnmí, gbé ojú sókè kí o wò mí!"

Mo ní, "Ojú mi wà lẹ́nu iṣẹ́!" Mo bẹ́ ẹ, mo gé e, mo fi ẹsẹ̀ ti igi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún bẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà! Orin ọdẹ dé ẹnu mi, n kò mọ ìgbà tó dé. Ìgbà tí mo gbọ́ tí àkùkọ-igbó ń ké wọlé nírọ̀lẹ́, mo nàró. Gàgàrà ti di alángbá, ó ń sá lọ lórí igi tó ti wó. Mo wẹ̀yìn, mo rí ohun tí n kò rí fún ọdún méjì: ọ̀nà. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni. Mo fò sókè, mo kígbe, mo ń jó pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò nídìí!

Alángbá náà dúró, ó ní, "N ó padà wá lówùúrọ̀." Kò sì parọ́. Lówùúrọ̀ gbogbo ni mo ń bá a lẹ́nu iṣẹ́, yóò dúró, yóò ní kí n wo òun. Mo kọ́ ọgbọ́n kan: kí n tó kí i, kí n tó fọ ẹnu pàápàá, n ó ti gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bó ṣe ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní gíga ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ní gíga adìẹ. Lọ́jọ́ kan kò wá rárá. Ọjọ́ yẹn ni àdá mi bẹ́ ewé kan, tí ìmọ́lẹ̀ ya lù mí lójú, tí mo sì gbọ́ omi ṣàràṣàrà lábẹ́ àpáta.

Mo bu omi kún agbè, mo gbé e sáré gba ọ̀nà tèmi padà sílé, ó ń dànù sí mi lọ́rùn, mo ń rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ tọ́ ọ wò, ó sì pe àwọn ọ̀dọ́ ìlú jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fẹ̀ ẹ́. Láti ọdún yẹn, ẹni tó mu omi ìsun ò ní sòbìà mọ́.

Ti Àwẹ̀ró jáde tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò nà dáadáa mọ́. Kò ní kí a gbé òun o. Ó mú ọ̀pá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà, èmi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí a ṣe dé ìsun, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó dára, ó bomi mu, ó fi bọ́jú, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá.

Ó ní, "Ọjọ́ mélòó lẹ fi là á?"

Mo kà á nínú. Mo tún kà á, bóyá mo ṣì í. Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún."

Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi." Ó sọ ọ́ tinútinú, kò sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Mo tẹ orí ba, mo ń bu omi sínú agbè.

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo rí àwọn kan láàrin yín tí ìdí wọn ti ń yọ̀ lórí ìjókòó láti ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ń dúró de òun, kó dìde ní báyìí. Kó má tilẹ̀ dúró dágbére fún mi.